Ohun Tí Ó Ran Èkúté Lọ́wọ́ Kò Tíì Di Oògùn Ìyá Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tàbí ti sàká. Ọ̀rọ̀ igbó ni, igbó tí àwọn ọmọ ìta ń mu. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu; ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí kò tíì pẹ́, nígbà tí a kírun tán, ọmọkùnrin kan nínú jàmáà wa dúró dè mí lẹ́bàá ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Oníṣòwò ni, ọmọ dáadáa sì ni. Ìyá rẹ̀ ta aṣọ fún ogójì ọdún, kò sì kọ gbèsè sínú ìwé rí, nítorí pé orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Lónìí, ìyá náà kò lè ka owó tí ó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ mọ́. Orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú ni ó fi ń pe ọmọ yìí. Ó lè kí ìrun Àyìlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì lè máa sunkún pé wọn kò jẹ́ kí òun kírun.

Ọmọ náà na tẹlifóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ààfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ti fi igbó wo àrùn ìgbàgbé sàn. Ṣé mo lè sè díẹ̀ mọ́ àgbo fún màmá? Ṣé Ọlọ́run yóò bi mí?" Mo bi í bóyá ó ti rà á. Ó wo ilẹ̀. Ó ti rà á.

N kò bá a jà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wò lójú tí ó sì bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?", kò sí ohun tí kò lè rà. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ó má sì fi ohunkóhun sínú àgbo kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé. Mo lọ bá dókítà kan nínú jàmáà wa, a sì jọ yẹ ìròyìn náà wò láti orí dé ìdí. Ohun tí a rí ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ yìí nìkan ni wọ́n fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ àrùn náà. Àwa Yorùbá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. A máa ń sọ pé àgbàlagbà náà ń ṣarán. Kùráànì kò fi ọ̀rọ̀ ogbó tí ń gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn pamọ́ fún wa, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, pẹ̀lú sì máa ń sá di Ọlọ́run kúrò nínú rẹ̀. Ní 1906 ni dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ròyìn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa obìnrin kan tí iyè rẹ̀ ti ra, àti ohun tí ó rí nínú ọpọlọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú: èérí kan tí ó dì láàárín ọpọlọ, àti okùn tín-ín-rín tí ó lọ́ mọ́ra. Orúkọ dókítà yìí ni a fi ń pe irú àrùn ìgbàgbé tí ó wọ́pọ̀ jù lọ.

Kì í sì í ṣe àrùn òyìnbó nìkan. Ní 1992 ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn àti ti ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jọ tọ àwọn àgbàlagbà tí ó ti pé ọdún 65 lẹ́yìn, ní Ìbàdàn níhìn-ín àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú ọ̀hún. Ní 2001 wọ́n kéde pé nínú 100 irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, bí ẹni 1 ni àrùn Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ bí ẹni 2 àbọ̀ ní Indianapolis. Tiwa kò tó tiwọn, ṣùgbọ́n tiwa wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí arúgbó tí ó ń rìn kiri lóru tí ó ṣìnà ilé, kí ó má ṣe sọ pé àjẹ́ ni ó ń padà bọ̀ láti ìpàdé. Àìsàn ni.

Nísinsìnyí, kí ni àwọn onímọ̀ ṣe tí ariwo fi ta? Ní 1964, Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì yọ èròjà tí ń yí ènìyàn lórí nínú igbó sọ́tọ̀, tí a ń pè ní THC. Èròjà mìíràn wà nínú ewé kan náà tí kì í yí ènìyàn lórí bẹ́ẹ̀. CBD ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ní 1992, Mechoulam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun kan nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí ara ènìyàn pẹ̀lú máa ń ṣe fúnra rẹ̀, tí ó sì ń wọ ihò kan náà tí THC ń wọ̀ nínú ọpọlọ, bí kọ́kọ́rọ́ méjì tí ń ṣí àgádágodo kan. Èyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ máa bi ara wọn pé: bí ogbó bá dín ohun tí Ọlọ́run fi sínú ọpọlọ yìí kù, ǹjẹ́ díẹ̀ lára èròjà igbó kò lè dí àlàfo rẹ̀?

Ní 2017, Andreas Bilkei-Gorzo, Andreas Zimmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Bonn ní Jámánì kéde ohun tí wọ́n rí. Wọ́n mú èkúté olóṣù 2, olóṣù 12 àti olóṣù 18. Èkúté olóṣù 18 ti di arúgbó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ wọn, tí ń ro THC sí wọn lára díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 28, ní ìwọ̀n mílígíráàmù 3 fún kìlógíráàmù kan ara wọn lójúmọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dán wọn wò: wọ́n sọ wọ́n sínú omi kí wọ́n wá ibi ìdúró tí a fi pamọ́ sábẹ́ omi náà, wọ́n wò ó bóyá wọn yóò dá èkúté tí wọ́n ti bá pàdé rí mọ̀. Àwọn arúgbó èkúté tí ó gba THC ṣe dáadáa bí àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbà á. Òtítọ́ ni èyí, kì í ṣe irọ́, ó sì yẹ kí á yin ẹni tí ó ṣiṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Australia pẹ̀lú, ní 2014, àwọn onímọ̀ fi CBD, mílígíráàmù 20 fún kìlógíráàmù kan, tọ́jú èkúté tí ó ní irú èérí Alzheimer nínú ọpọlọ, fún ọ̀sẹ̀ 3. Àwọn èkúté náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tí wọ́n ti rí rí mọ̀.

Ibi tí òtítọ́ dé nìyí. Ohun tí ó wà nínú tẹlifóònù ọmọ náà kò ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ ti gé etí rẹ̀, ó sì ti gé ìrù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá ohun tí ó gé padà.

Èkíní, kì í ṣe àrùn Alzheimer ni ó ń ṣe àwọn èkúté Bonn. Ogbó lásán ni. Èkúté kì í sì í ní àrùn Alzheimer fúnra rẹ̀ bí ó ti ń ṣe ènìyàn. Àwọn tí a lò ní Australia, àwọn onímọ̀ ni wọ́n mú ohun tí ń fa àrùn náà láti inú ìran ènìyàn, tí wọ́n fi sínú ìran èkúté, kí èérí náà lè dì nínú ọpọlọ rẹ̀. Àrùn àfọwọ́ṣe ni. Ẹni tí ó tún ohun tí a fọwọ́ ara wa bàjẹ́ ṣe kò tíì tún ohun tí ọdún 80 bàjẹ́ ṣe.

Èkejì, a kò fún èkúté kankan ní ewé fà, a kò sì se é mọ́ àgbo. Èròjà tí a yọ tí a sì wọ̀n ni wọ́n fún wọn. Ewé tí a ń tà ní kọ̀rọ̀, ta ni ó mọ iye THC tí ó wà nínú rẹ̀? Èyí tí a rà lónìí lè lágbára ju ti àná lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Ẹ̀kẹta, tí ó wà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́: THC kan náà tí ó ran arúgbó èkúté lọ́wọ́, ó sọ iyè àwọn ọ̀dọ́ èkúté di ahoro. Àwọn tí ó gbà á nínú wọn kò ṣe tó àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò gbà á. Ọmọ tí ó bá fẹ́ fi ìwádìí Bonn gbèjà igbó tí ó ń mu lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, kí ó ka ìwádìí náà tán. Ẹjọ́ rẹ̀ gan-an ni ìwádìí náà dá.

Ẹ̀kẹrin, láti ara èkúté dé ara ènìyàn, ọ̀nà náà jìn. Ní 1999, a kéde àjẹsára kan tí ó mú èérí Alzheimer kúrò nínú ọpọlọ èkúté, gbogbo ayé sì yọ̀. Nígbà tí wọ́n fi dán ènìyàn wò, ọpọlọ ènìyàn 18 wú nínú bí 300 tí ó gbà á, wọ́n sì dá iṣẹ́ náà dúró ní 2002. Láti 2002 dé 2012, oògùn 244 ni a dán wò lára ènìyàn nítorí àrùn yìí. 1 péré ni ó la ìdánwò já tí a fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣubú náà ni ó ti ṣe dáadáa lára ẹranko.

Èròjà igbó ńkọ́? A ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára àwọn aláìsàn. Ní 2015, àwọn dókítà ilẹ̀ Netherlands kéde pé àwọn fún díẹ̀ nínú arúgbó 50 tí ó ní àrùn ìgbàgbé ní THC, mílígíráàmù 1.5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 3, kí ìjàgbọ̀n àti àìbalẹ̀ ara wọn lè dín kù. Kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ní 2019, àwọn ti Kánádà lo nabilone, oògùn tí a ṣe láti fi jọ THC, fún àwọn aláìsàn tí kò tó 40. Ìjàgbọ̀n dín kù, ṣùgbọ́n oorun àìdáa kún un. Arúgbó tí oorun bá ń kùn bẹ́ẹ̀ lè ṣubú, kí egungun ìtàn rẹ̀ sì ṣẹ́. Àwọn ìwádìí lára ènìyàn kò pọ̀, àwọn tí a fi ṣe é kò sì pọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń yẹ oògùn wò fọwọ́ sí oògùn CBD kan fún irú wárápá kan lára ọmọdé ní 2018, nítorí pé wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ náà, ó sì ṣiṣẹ́. Wọn kò tíì fọwọ́ sí i fún àrùn ìgbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ọ̀dọ̀ Sẹ̀ríà, nítorí pé ìbéèrè ọmọ náà ni pé ṣé Ọlọ́run yóò bi òun.

Ohun tí ń gba làákàyè èèwọ̀ ni, èyí kò ní àríyànjiyàn. Igbó kò sì ṣàjèjì sí àwọn ààfáà àtijọ́. Haṣíìṣì ni wọ́n ń pè é. Ibn Taymiyya, tí ó kú ní 1328, kọ̀wé lé e lórí pé èèwọ̀ ni. Al-Zarkashi, tí ó kú ní 1392, sì kọ odindi ìwé lórí rẹ̀. Nínú ọ̀nà Málíkì tiwa, al-Qarafi, ààfáà Íjíbítì tí ó kú ní 1285, ya ohun tí ń pani bí ọtí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ń ba làákàyè jẹ́, ó sì fi haṣíìṣì sí ọ̀wọ́ kejì. Ní ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò dé ibi làákàyè kò rí bí ẹ̀kán ọtí kan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò di ọ̀rọ̀ yìí mú bí ẹni tí ó rí owó he. Wọn yóò ní, "Ààfáà Málíkì ti ní díẹ̀ kò burú." Mo bi wọ́n: díẹ̀ tí kò dé ibi làákàyè, ta ni yóò wọ̀n ọ́n fún ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti ń lọ? Bí ọ̀dọ́ bá mu ún tí orí rẹ̀ yí, yóò mọ̀, yóò sì sọ. Ìyá tí ń ṣarán kò lè sọ fún wa bóyá orí òun yí ju ti àná lọ. Òṣùwọ̀n tí al-Qarafi gbé kalẹ̀, ọwọ́ ìyá yìí ni ó yẹ kí ó wà, ó sì ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá sì pe ìnira, pé ìnira a máa sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìnira ní ìlànà: kí á mọ̀ dájú pé ohun náà yóò woni sàn, kí dókítà olóòótọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ohun mìíràn má sì sí. Èkúté kò lè jẹ́rìí sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọjọ́ kan bá dé tí àwọn oníṣègùn fi ẹ̀rí hàn lára ènìyàn, kí àwọn ààfáà jókòó lé e lórí nígbà náà. N kò ní tijú láti jókòó pẹ̀lú wọn.

Nítorí náà, n kò fara mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ń sọ pé ìwádìí náà fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ èṣù. Ànábì wa kọ́ wa pé kí á máa wá ìwòsàn. Kò sì sí ibi tí ó sọ fún wa pé kí á sá fún ìmọ̀ nítorí ewé tí a fi kọ́ ọ. Ní ti àwọn ẹranko, ẹ̀sìn wa kò fi wọ́n ṣeré: obìnrin tí ó ti ológbò mọ́lé tí kò fún un lóúnjẹ ríjà Ọlọ́run nítorí rẹ̀. Ní 1959, William Russell àti Rex Burch, àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn pé bí ọ̀nà mìíràn bá wà, kí wọ́n má lo ẹranko. Bí wọn yóò bá lò ó, kí ó kéré níye. Kí ìrora rẹ̀ sì dín kù. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àti gba ènìyàn là, n kò rí ohun tí mo fẹ́ bá a wí.

Ohun tí mo ń bá wí ni kí á sọ ìyá wa di èkúté. Kí n tilẹ̀ sọ òtítọ́: èkúté Bonn sàn jù ú lọ. A wọn tirẹ̀. A mọ iye ọjọ́ tí yóò gbà á. Àwọn kan dúró tì í tí wọ́n ń kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀, wọ́n sì ní àwọn mìíràn tí kò gbà á láti fi wé e. Ìyá tí a se igbó mọ́ àgbo fún kò ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Ní ti ẹ̀ṣẹ̀, a ti gbé kálàmù kúrò lórí ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ. A kò ní bi ìyá. Ẹni tí ó gbé ife náà sí i lẹ́nu ni a óò bi, nítorí pé àmánà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí á má sì gbàgbé òfin ìlú. Láti 1966 ni òfin pàtàkì ti de igbó ní Nàìjíríà, láti 1989 sì ni àjọ NDLEA ti ń lé àwọn tí ń tà á àti àwọn tí ń gbé e. Ọlọ́pàá kò ní gbọ́ pé ti màmá ni.

Kí ni kí á ṣe nígbà náà? Ẹ gbé arúgbó yín lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ tó pè é ní aṣarán. Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni ó jẹ́ Alzheimer. Àìtó fítámì B12, ẹṣẹ́ ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ tó, ìtọ̀ tí ó ní kòkòrò, ìbànújẹ́ ọkàn, àní oògùn mìíràn tí ó ń lò, lè da orí àgbàlagbà rú, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì darúgbó, ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò, nítorí pé ó máa ń ba ọpọlọ jẹ́ láìpariwo. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgbo, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run: ẹ má fi orúkọ Yunifásítì òyìnbó ta ohun tí Yunifásítì náà kò rán yín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pín ìtọ́jú ìyá láàárín ara yín. Kí ó má jẹ́ ẹyọ ọmọbìnrin kan ni yóò máa jí lóru títí òun náà yóò fi dùbúlẹ̀. Jàmáà náà, ẹ máa bẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò.

Ọ̀sẹ̀ pé, ọmọ náà padà wá. Mo sọ gbogbo èyí fún un. Ó da ohun tí ó rà sínú ṣáláńgá, ó sì gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Ajé. Àrùn náà ni, kì í ṣe ohun mìíràn. Ìyá kò tíì pe orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé bí òun bá jókòó tì í tí òun sì ń ka Fátíà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìyá òun máa ń bá òun kà á délẹ̀, kò sì ń ṣìnà.

Kí Ọlọ́run Ọba bá wa wo àwọn arúgbó wa, kí Ó fi ìmọ̀ tòótọ́ han àwọn tí ń wá ìwòsàn, kí Ó má sì gba làákàyè wa lọ́wọ́ wa kí a tó padà sọ́dọ̀ Rẹ̀. Àmín.